Òfin Ẹgbẹ́ Àwọn Amòye ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Ìwé Tí Ó Pẹ́ Nínú Àpótí

Ó ṣòro kí á rí ẹnìkan nínú yín tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kan tàbí òmíràn. Bí kò bá ṣe ẹgbẹ́ ọlọ́jà, yóò jẹ́ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, tàbí ẹgbẹ́ akọrin, tàbí ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ìwé kan náà. Ẹ sì mọ bí ó ti máa ń rí. Ní ọdún kìíní, ìfẹ́ wà, oúnjẹ wà, orin sì wà. Nígbà tí yóò bá fi di ọdún kẹta, ìjà ti dé: ta ni yóò jẹ ààrẹ? Níbo ni owó wà? Èé ṣe tí a fi gba Lágbájá wọlé tí a sì kọ Tàmẹ̀dò? Àwa tìkára wa ti jẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ kan rí, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sọnù, ẹgbẹ́ náà sì tú ká, nítorí kò sí ẹni tí ó tún lè fi hàn mọ́ ohun tí a ti jọ fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Ìdí nìyí tí ó fi wù wá láti sọ fún yín lọ́sẹ̀ yìí bí ẹgbẹ́ kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé ti ṣe àkóso ara rẹ̀ nígbà tí Ọbabìnrin Victoria wà lórí ìtẹ́, láti ọdún 1837 títí di 1901. Ẹgbẹ́ náà ni Royal Society ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí àwa yóò máa pè ní Ẹgbẹ́ Ọba. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn rẹ̀. Èkíní ni pé òfin rere lè gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn alágbára. Èkejì ni pé òfin rere kan náà lè sin òtítọ́ láàyè, bí àwọn tí ń lò ó kò bá la ojú wọn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1660 ni àwọn ọkùnrin díẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ wádìí ohun tí ó wà nínú ayé, ìbá à ṣe ìràwọ̀, tàbí afẹ́fẹ́, tàbí ara ènìyàn, tàbí ewéko, pinnu láti máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọba Charles Kejì fún wọn ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1662, ó sì tún fún wọn ní òmíràn ní 1663. Ó fi ọ̀pá àṣẹ kan tí a fi fàdákà ṣe, tí a sì fi wúrà bò, ta wọ́n lọ́rẹ. Ọ̀pá náà ni a ń gbé sórí tábìlì níwájú Ààrẹ nígbà ìpàdé, gẹ́gẹ́ bí àmì pé àṣẹ ọba ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ àmì ẹgbẹ́ wọn, ní èdè Látìnì, túmọ̀ sí pé kí á má ṣe gba ohunkóhun gbọ́ nítorí ẹni tí ó sọ ọ́ nìkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà bá a níwájú.

Ìwé àṣẹ náà là á sílẹ̀ pé Ìgbìmọ̀ tí ó ní ènìyàn 21 ni yóò máa ṣe àkóso, Ààrẹ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, tí í ṣe ọjọ́ ìrántí Andérù Mímọ́, ni wọn yóò máa dìbò lọ́dọọdún. Mẹ́wàá nínú àwọn ará Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò ní ipò, kí ẹni mẹ́wàá mìíràn sì wọlé. Bí a bá wo òfin yìí, ó dára púpọ̀: àwọn àtijọ́ kù láti fi ọ̀nà hàn, àwọn tuntun sì wọlé láti má ṣe jẹ́ kí ilé náà bu.

Ṣùgbọ́n òfin lè wà nínú ìwé kí ó má sí nínú ìwà. Ọ̀gbẹ́ni Joseph Banks jẹ Ààrẹ láti ọdún 1778 títí ó fi kú ní 1820, èyíinì ju ọdún 41 lọ. Ọ̀mọ̀wé nípa ewéko ni, olówó sì ni pẹ̀lú, ẹni tí kò bá sì rí ojú rere rẹ̀ kò lè rìn jìnnà nínú ẹgbẹ́. Ní àkókò náà, bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta bá fi ọwọ́ sí ìwé ẹnìkan pé ó yẹ, a lè dìbò fún un, kò sì sí iye tí a kò gbọdọ̀ rékọjá lọ́dún. Báyìí ni àwọn ọlọ́lá, àwọn onílẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣe ń rọ́ wọlé, kí wọ́n lè kọ lẹ́tà mẹ́ta náà, F.R.S., sí ẹ̀yìn orúkọ wọn. Àwọn tí wọn kò ṣe ìwádìí kankan rí sì wá pọ̀ ju àwọn tí ń ṣe é lọ.

Ní ọdún 1830, ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sí gbangba. Charles Babbage, onímọ̀ ìṣirò tí ó ronú ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi kígbe pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń rẹ̀yìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dá Ẹgbẹ́ Ọba lẹ́bi láìfi ọ̀rọ̀ bọ abẹ́ ahọ́n sọ. Ní ọdún náà gan-an ni ipò Ààrẹ ṣófo. Ẹni méjì ni a fà kalẹ̀. Ọ̀kan ni Duke ti Sussex, ọmọ Ọba George Kẹta àti àbúrò ọba tí ó wà lórí ìtẹ́. Èkejì ni John Herschel, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ òru wo ìràwọ̀, tí baba rẹ̀ sì ti rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní ọdún 1781. Nígbà tí a ka ìbò, ọmọ ọba ní 119, olùwádìí ní 111. Ìbò mẹ́jọ péré! Ọlá ìdílé borí iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn rí i pé díẹ̀ ni ó kù.

Àwọn tí a ṣẹ́gun kò dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọn kò sì fi ọwọ́ bọ ìjà ìgboro. Wọ́n fi sùúrù dúró, wọ́n sì dojú kọ ìwé òfin. William Robert Grove, tí í ṣe agbẹjọ́rò àti onímọ̀ iná mànàmáná, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà jù. Ní ọdún 1846 ni a yan ìgbìmọ̀ kékeré láti yẹ òfin wò, nígbà tí ó sì di 1847 a gba òfin tuntun wọlé. Ẹ wo bí ó ti rí. Ènìyàn 15 péré ni a ó máa gbà lọ́dún, yàtọ̀ sí àwọn ọmọ ọba àti àwọn ọlọ́lá díẹ̀ tí a ṣì fi ààyè sílẹ̀ fún. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, ni ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sí ìwé ẹni tí ó fẹ́ wọlé, mẹ́ta nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó gbọ́ òkìkí rẹ̀ lásán. Ìgbìmọ̀ ni yóò yan àwọn 15 náà nínú gbogbo àwọn tí a mú orúkọ wọn wá. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù Kẹfà ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò dìbò lé wọn lórí.

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ti wà nínú ilé jókòó sí àyè wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n sọ di tóóró. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí àwọn àgbà ń papò dà, iye ọmọ ẹgbẹ́ ń dínkù, ìwọ̀n àwọn olùwádìí gidi sì ń pọ̀ sí i, tí ó fi jẹ́ pé kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, àwọn ni wọ́n ni ilé. Kí àtúnṣe náà má bàa bàjẹ́, díẹ̀ nínú wọn dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní ọdún 1847 kan náà, tí wọ́n pè ní Philosophical Club. Ènìyàn 47 ni wọ́n fi ààlà rẹ̀ sí, ní ìrántí ọdún náà. Wọn a máa jẹun papọ̀, wọn a sì máa ṣọ́ òfin.

Nípa ti ìgbé-ayé ẹgbẹ́ lójoojúmọ́, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n di ipò mú. Akápò ń ṣọ́ owó. Akọ̀wé méjì ni ó wà, ọ̀kan fún ẹ̀kọ́ nípa agbára, ooru, ìmọ́lẹ̀ àti ìṣirò, èkejì fún ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Akọ̀wé kan sì tún wà tí ń kọ lẹ́tà sí àwọn amòye ilẹ̀ òkèèrè. George Gabriel Stokes, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, jẹ akọ̀wé láti ọdún 1854 títí di 1885. Ọdún 31 ni ó fi ń ka ìwé àwọn ẹlòmíràn, tí ó ń tọ́ka àṣìṣe wọn, tí ó sì ń kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn sí wọn. Lábẹ́ àwọn wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ tí a ń san owó oṣù fún wà. Inú wa dùn láti dárúkọ Walter White, tí ó ti jẹ́ káfíńtà tí ń kan àga àti tábìlì, tí ó wọ ilé-ìkàwé ẹgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ní ọdún 1844, tí ó sì jẹ igbákejì akọ̀wé láti 1861 sí 1885. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ akọ̀wé rí yóò mọ̀ pé irú ènìyàn báyìí ni ń gbé ẹgbẹ́ ró.

Owó ńkọ́? Láti ọdún 1850, lẹ́yìn ìmọ̀ràn Lord John Russell tí í ṣe olórí ìjọba, ìjọba ń fi £1,000 lé ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ lọ́dọọdún, kì í ṣe fún jíjẹ àti mímu, bí kò ṣe kí wọ́n lè pín in fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí. Ìgbìmọ̀ kan ni ó ń gbé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò kí owó tó jáde. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ń san £10 nígbà tí wọ́n bá wọlé, àti £4 lọ́dọọdún. Èyí wúwo fún olùkọ́ni tí kò ní ogún baba. Nígbà tí Joseph Hooker, onímọ̀ ewéko, jẹ Ààrẹ láti 1873 sí 1878, ó rọ àwọn ọlọ́rọ̀ inú ẹgbẹ́ láti dá owó jọ. Owó náà ni ó mú kí á fagi lé owó ìwọlé pátápátá, tí owó ọdọọdún sì di £3. Hooker tún fi àpẹẹrẹ mìíràn lélẹ̀: ó lo ọdún márùn-ún, ó sì fi ipò sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé Ààrẹ kì í lò ju ọdún márùn-ún lọ. Ẹ fi èyí wé ti Banks.

Wọ́n ń ṣọ́ ara wọn pẹ̀lú. Nígbà tí Stokes di Ààrẹ ní ọdún 1885, tí ó sì tún di aṣòfin fún Yunifásítì Cambridge ní 1887, Thomas Henry Huxley, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò Ààrẹ sílẹ̀ fún un, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Nature pé kò yẹ kí olórí àwọn amòye jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ilé aṣòfin. Stokes kò fi ipò sílẹ̀, ó parí ọdún márùn-ún rẹ̀. Ṣùgbọ́n a sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, ẹgbẹ́ kò sì tú ká.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn wá lọ́kàn. Iṣẹ́ tí ó ga jù nínú ẹgbẹ́ náà ni gbígba ìwé ìwádìí, kíkà á ní ìpàdé, àti títẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ńlá wọn tí ó ti wà láti ọdún 1665. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wá ọmọ ẹgbẹ́ kan tí yóò bá a gbé ìwé rẹ̀ wọlé. Láti nǹkan bí ọdún 1832 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ògbógi láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ èrò wọn sílẹ̀, kí Ìgbìmọ̀ tó pinnu bóyá kí a tẹ̀ ẹ́. Òfin rere ni èyí; a ṣe é kí ojúsàájú má bàa sí. Òfin mìíràn sì wí pé ìwé tí a bá ti kà ní ìpàdé ti di ti ẹgbẹ́. A kì í dá a padà fún ẹni tí ó kọ ọ́.

Ní ìparí ọdún 1845, ìwé kan dé láti Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni John James Waterston, ọmọ Scotland, tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kò sì ní òkìkí. Francis Beaufort, ọ̀gá nínú iṣẹ́ àwòrán òkun, ni ó bá a gbé ìwé náà wọlé. Ohun tí ó wí ni èyí: afẹ́fẹ́ àti gbogbo ohun tí ó jọ ọ́ jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn ègé kékeré tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń fò káàkiri, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn láìsinmi. Ooru kò jẹ́ ohun mìíràn bí kò ṣe eré tí wọ́n ń sá. Bí bọ́ọ̀lù tí a fẹ́ ti ń le sí i nígbà tí oòrùn bá pa á, ohun tí ó fà á ni pé àwọn ègé náà ń sáré sí i, wọ́n sì ń lu ara bọ́ọ̀lù náà kíkankíkan láti inú. Waterston ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀.

A fi ìwé náà fún ẹni méjì láti yẹ̀ ẹ́ wò, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ọ̀kan ni Baden Powell, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford. Èkejì ni John William Lubbock, onímọ̀ ìṣirò àti ọlọ́lá. Kò sí èyí tí ó gbà á. Lubbock tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìsọkúsọ lásán ni, kò sì yẹ kí a kà á níwájú ẹgbẹ́ rárá. A ti ka díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ọdún 1846, a tẹ àkékúrú rẹ̀ jáde. Nítorí náà ìwé náà ti di ti ẹgbẹ́. A fi í sínú àpótí. Waterston kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tí ó rú òfin. Ẹ jẹ́ kí á tún un sọ: kò sí ẹni tí ó rú òfin. Ẹni tí ó gbé ìwé wọlé tọ̀nà, àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀nà, ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ tọ̀nà. Síbẹ̀, òtítọ́ ni a tì mọ́ inú àpótí. Ọ̀rọ̀ àmì wọn kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí ẹni tí ó sọ ọ́. Wọn kò rántí pé ó kọ́ wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n má ṣe kọ ọ̀rọ̀ nítorí pé ẹni tí ó sọ ọ́ kò ní orúkọ. Àwọn baba wa wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn àgbà Lọ́ńdọ̀nù gbàgbé ìdajì òwe náà.

Ọdún ń lọ. Rudolf Clausius ní ilẹ̀ Jámánì tẹ irú ẹ̀kọ́ yìí jáde ní 1857, James Clerk Maxwell sì tẹ tirẹ̀ jáde ní 1860, ayé sì yìn wọ́n, ó sì tọ́ kí a yìn wọ́n. Waterston padà sí Scotland. Ní ọjọ́ kan ní oṣù Kẹfà ọdún 1883, ó jáde kúrò ní ilé ní Edinburgh, kò sì padà wá mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Lord Rayleigh, tí ó ti di Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọba, ń ka ìwé kan tí Waterston kọ nípa ohùn ní ọdún 1858. Ó rí i níbẹ̀ pé ọkùnrin náà tọ́ka sí ìwé àtijọ́ kan. Rayleigh kò fojú fò ó. Ó lọ wá a láàrin àwọn ìwé tí ẹgbẹ́ kó pamọ́, ó rí i, ó kà á, ẹnu sì yà á. Ní ọdún 1892 ó mú kí a tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ńlá ẹgbẹ́ náà gan-an, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó fi jẹ́wọ́ pé títì tí a ti ìwé yìí mọ́lé ti fa ẹ̀kọ́ náà sẹ́yìn fún ọdún 10 tàbí 15. Ó ti lé ní ọdún 45 tí ìwé náà ti wà nínú àpótí, ó sì di ọdún mẹ́sàn-án tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti lọ.

Àwa tí a ti di gègé mú pẹ́ rí ohun kan níhìn-ín tí ó yẹ kí a sọ. Òfin tí kò jẹ́ kí á dá ìwé náà padà ni ó ṣe Waterston ní ibi. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni kò jẹ́ kí ìwé náà ṣègbé. Bí ó bá jẹ́ irú ẹgbẹ́ tí àwa bá ṣiṣẹ́ rí ni, èkúté ìbá ti jẹ ẹ́, tàbí kí ẹnìkan ti fi dì àkàrà. Àwọn kíláàkì tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ ní àìbàjẹ́, títí ẹni tí ó ní ojú fi dé. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò lè bá a bí kò bá sí ẹni tí ó tọ́jú àkọsílẹ̀.

Àpótí mìíràn ṣì wà tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó ṣí. Ní ọdún 1902, ọdún kan lẹ́yìn tí Ọbabìnrin kú, a mú orúkọ Hertha Ayrton wá, obìnrin tí ó wádìí ìmọ́lẹ̀ iná mànàmáná. Àwọn agbẹjọ́rò yẹ ìwé àṣẹ wò, wọ́n ní òfin kò fi ààyè gba obìnrin tí ó ní ọkọ. Ní 1904 ó ka ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìpàdé wọn, ní 1906 wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Hughes. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà á wọlé. Ọdún 1945 ni obìnrin kìíní wọlé, nígbà tí a dìbò fún Kathleen Lonsdale àti Marjory Stephenson. Ẹgbẹ́ tí ọbabìnrin jẹ́ alábòójútó rẹ̀ fún ọdún 63 kò ní obìnrin kan ṣoṣo nínú rẹ̀!

Nítorí náà, ẹ̀yin ààrẹ, ẹ̀yin akọ̀wé àti ẹ̀yin akápò, nígbà tí ẹ bá tún jókòó láti ṣe òfin ẹgbẹ́ yín, ẹ sọ ẹnu ọ̀nà di tóóró fún ọlá asán, ẹ fi ààlà sí ọdún olórí, ẹ jẹ́ kí owó ní ìwé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnìkan sílẹ̀ láàrin yín tí yóò máa ṣí àpótí wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa bèèrè pé, "Ta ni a kọ̀ ní àná, ǹjẹ́ ó tọ́ kí á kọ̀ ọ́?" Kí ó sì ṣe é nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Olúwa bá dá ẹ̀mí sí.